Nítorí Omi Àdúrà Tí Mo Dà Sínú Ọkọ̀ Rẹ

Odode, Ìdànrè,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 1957.

Olúlékè ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà ní Èkó. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àpáta Ìdànrè yẹ̀ kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Ara ìyá rẹ le, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń dùn ún, kò sì jẹ́ kó sinmi. A ti ta kòkó oko Aládé tán, òjò kò tíì rọ̀. Adìẹ dúdú tí o mọ̀ yẹn yé ẹyin mẹ́sàn-án sórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ, a kò sì lé e, nítorí ó ti sàba kí a tó rí i. Ìkíni parí síbẹ̀. Inú ń bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á tán, mo ní ojú mi ni kò ríran dáadáa, mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún un kà. O ní bí o bá ń bọ̀ ní ìparí oṣù yìí láti lọ mọ àwọn òbí Ọláwùmí tí o fẹ́ fi ṣaya ní Àkúrẹ́, àbúrò mi Dúrótoyè ni yóò bá ọ lọ, kí èmi jókòó sílé kí n máa sinmi. Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí? Dúrótoyè kọ́ ló bí ọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ gan-an, a ti jẹun tán kó tó dé. O ní o kò fẹ́ kí nǹkan tún bàjẹ́ bíi ti Kérésì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà gbọ́ tèmi náà.

Nígbà Kérésì náà, o gbé ọkọ̀ pupa yẹn wálé, o ní òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún ọ, pé ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré ìje ni. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ènìyàn méjì péré ló ń gbà, kò lórùlé, ó sì jọ pé ó ti pẹ́ láyé. Mo wọ sányán mi, mo dé fìlà, mo jókòó tì ọ́, ó di ọ̀nà Àkúrẹ́, ó di ilé àwọn òbí Ọláwùmí, gbogbo Odode ń wò wá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́.

O ti sọ fún mi pé ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ náà tó ń fẹ́ atẹ́gùn síni lẹ́sẹ̀, mo sì ń retí rẹ̀. Nígbà tí a débi tí ọ̀nà ti ń gòkè, ọwọ́ kékeré inú aago iwájú rẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. O ń wò ó, o ń làágùn, o ní ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná jù. Ni o bá fa irin kan, ni ooru bá bò mí lẹ́sẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò lórí iná. Lọ́sàn-án gangan, nínú sányán. Mo bi ọ́ pé kí ló dé, o ní o ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì kó lè tutù. Olúlékè, o gba ooru lára irin, o gbé e fún baba rẹ. Mo ti bi Felix mẹkáníìkì léèrè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ń ṣe, pé ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ ooru náà fún. Ẹ́ńjìnnì ní abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ níwájú, ó ní omi tó ń mu, ọmọ ènìyàn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ní nǹkankan. Àwa tí wọ́n bí sórí òkè, tí a ń ru iṣu gun àkàsọ̀ kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ sí Odode, ta ló fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wa rí?

Nígbà tó yá, èéfín bo iwájú ọkọ̀, o dúró, o mú páńgólò, o lọ wá omi lódò. O ní kí n má fọwọ́ kan nǹkankan. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n o pẹ́. Ọkọ̀ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń kérora, ara rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ti ṣe nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwa Aládùúrà kì í lo oògùn, omi àdúrà ni mo ń bù sí ọ lẹ́nu títí ara rẹ fi balẹ̀. Kèrègbè omi àdúrà tí ìyá rẹ gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìrìn àjò wa sì wà lẹ́yìn ìjókòó. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo fi fìlà mi di ọwọ́, mo ṣí ìdérí ẹnu ọkọ̀ náà, ó tu omi gbígbóná sí mi lápá, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, o kò sì béèrè. Mo dúró kó tu tán. Mo ka Sáàmù kẹtàlélógún, mo da gbogbo omi inú kèrègbè sí i. Mo gbọ́ ìró kan ṣoṣo, kéú, bí ìgbà tí abọ́ là.

O ní èmi ni mo ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, pé omi tútù kì í wọ inú irin gbígbóná. Felix náà sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ wá ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ìkòkò tó wà lórí iná kì í gba omi tútù, mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi kí n tó kúrò nílé. Ìwọ náà, o ní kí n má fọwọ́ kàn án, o kò sọ ìdí rẹ̀. Ọmọdé là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, àgbà là ń ṣàlàyé fún.

Lọ́rì tó kó kòkó ló fi okùn wọ́ wa padà sílé. Tísà Benedict, baba Ọláwùmí, dúró dè wá pẹ̀lú oúnjẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. O kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ojú ọ̀nà títí dé Odode, o sì wọ lọ́rì lọ sí Èkó lọ́jọ́ kejì láìdágbére fún mi.

Ní báyìí, o ní bí wọ́n bá tún ọkọ̀ náà ṣe, o fẹ́ ra ẹ̀rọ kan láti Amẹ́ríkà tí yóò máa fẹ́ òtútù sínú rẹ̀, kí àna rẹ má baà làágùn. Ọkọ̀ tí kò lórùlé! Ta lo fẹ́ máa fẹ́ òtútù fún, àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà? Ẹni tó bá ń wá òtútù, kó wá sí Odode nígbà ọyẹ́, a kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Felix ní kí n má wulẹ̀ bu omi sí ọkọ̀ náà mọ́, pé ó ti là. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mò ń bu omi sí i. Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, èyí tó bá jò sílẹ̀, mo tún un dà padà. Ìyá rẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe fún un ni. Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ náà, Olúlékè. Mo rí bí ojú rẹ ti rí nígbà tí o ń sáré lọ sódò, mo sì fẹ́ kí o padà dé kí o bá ọkọ̀ rẹ ní àlàáfíà.

Nínú owó tí o fẹ́ fi ra òtútù, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: owó lọ́rì láti Odode dé Àkúrẹ́ àti àbọ̀, àti owó ọṣẹ tí a ó fi fọ sányán mi, nítorí omi ọkọ̀ rẹ ní ìpẹtà. Jẹ́ kí Dúrótoyè jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Èmi yóò jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, n kò ní fọwọ́ kan nǹkankan, n kò sì ní gbé omi dání. Bí a bá débẹ̀, kí Dúrótoyè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá béèrè pé ta ni baba ọmọ yìí, èmi ni mo fẹ́ dáhùn.

Ọlọ́run yóò tù ọ́ lára, yóò tu ìyàwó rẹ lára, iná ayé kò ní jó ọ. Bí o bá gun òkè, wàá dé orí rẹ̀ láyọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ.

Èmi ni baba rẹ,
Akínlẹ́yẹ.
Kì í ṣe Dúrótoyè.