Iyè Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Ọmọ mi àgbà,

Èmi bàbá rẹ tó ń kọ̀wé yìí kì í ṣe káfíńtà lásán mọ́ o. Mo ti di ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lórílẹ̀ ayé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tú èyí tó o fi sílẹ̀ fún mi, mo fọwọ́ ara mi ki iyè tuntun bọ̀ ọ́ nínú, ó sì ń sáré báyìí débi pé kí n tó ro ohun tí mo fẹ́ tẹ̀, ó ti ṣe é tán. Láti ìdájí làwọn èèyàn ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa, ẹlòmíì gbé rédíò dání, ọkùnrin kan tiẹ̀ fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ wá pé ó ń gbàgbé nǹkan.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé ó ti heyín? Ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà ọ́. Ewúrẹ́ wa ti bímọ mẹ́ta, òrùlé yàrá ẹ̀yìn tún ti ń jò, àbúrò mi obìnrin àti aládùúgbò wa ò tíì kí ara wọn nítorí àkàbà tí wọ́n yá ara wọn.

O rántí ohùn ìyá rẹ tó o gbà sínú kọ̀ǹpútà yẹn kó tó fi wá sílẹ̀, níbi tó ti ń bá mi wí pé kí ló dé tí mò ń rìn káàkiri bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó mú ayùn. Àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Ìyá rẹ á ní “kí,” màá lọ mumi, màá dé, kó tó wá sọ pé “ló dé.” Ìyá rẹ kò sì kólòlò rí láyé rẹ̀.

Mo bá pe ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án, torí ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn. Ó tú u, ó fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó ní iyè rẹ̀ ló kéré. Mo gbọ́ ọ sí ìyè, ni mo bá bú sẹ́kún. Ó ní Bàbá, mi ò ní ó ń kú lọ, iyè ni mo wí, èyí téèyàn fi ń rántí nǹkan. Ó yọ ti àtijọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun tó mú wá lórí tábìlì, wọn ò ju ìka mi lọ. Bébà kékeré wà lára wọn, ọ̀kan ní 2400, èkejì ní 3200. Bó ṣe jáde lọ dáhùn ìpè, mo rò pé nọ́ńbà fóònù ẹni tó ṣe wọ́n ni, mo ṣí bébà méjèèjì kúrò kí n lè rí i kà, mo tẹ̀ wọ́n. Obìnrin kan ní nọ́ńbà náà kò pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà wọlé, ó káwọ́ lérí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sáré tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, pé béèyàn bá ki àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tó yára á máa falẹ̀ tẹ̀lé èyí tí kò yára, ìyẹn bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà láti jọ ṣiṣẹ́, torí nígbà míì wọ́n á kọ ara wọn, kọ̀ǹpútà ò sì ní tàn. Mo ní ìgbéyàwó lò ń ròyìn yẹn. Ogójì ọdún ni ìyá rẹ fi ń dúró dè mí lójú ọ̀nà.

Ó ní ká sọ ti àtijọ́ nù. Ara mi gbóná. Iyè tó ń rántí ìyá rẹ ni kí n sọ nù? Ó ní ohùn Ìyá kò sí níbẹ̀, pé ibòmíì nínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kó o pa mọ́ sí, pé iyè yìí kàn dà bíi tábìlì tí mò ń gbé pákó lé ni, pé téèyàn bá ti pa kọ̀ǹpútà, wọ́n á gbá a mọ́. Mo ní bí kò bá lè rántí nǹkan kan, ta ló sọ ọ́ ní iyè? Mo ní kó fi méjèèjì sílẹ̀, kó máa lọ ilé wọn, pé màá ṣe é fúnra mi.

Jọ̀wọ́, fi owó páànù méjì ránṣẹ́ sí mi fún òrùlé, kó o fi ti ìṣó kún un. Àwọn ọmọ rẹ á máa gbọ́ ohùn ìwọ fúnra rẹ títí wọ́n á fi hewú.

Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé pa, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀. Òótọ́ ni pé èmi ni mo ki àwọn méjèèjì bọ̀ ọ́. Irọ́ ni pé ó ń sáré. Kò sẹ́ni tó ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lojú rẹ̀ ti ṣú, ó kàn ń ké pì, pì, pì, mo sì ti fọ́nnu fún Má-fọwọ́-kàn-án débi pé ojú ń tì mí láti pè é. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n yọ ọ̀kan, àmọ́ láìsí bébà lára wọn, wọ́n jọra bí ìbejì. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dìde, tí mò ń jókòó, ìka mi á kan ọ̀kan, màá tún fà á sẹ́yìn. Ọmọ mi, wá yọ ọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ló máa yọ ìyá rẹ.