Símẹ́ńtì Inú Orúnkún Ìyàwó Mi

Olóòtú ètò rédíò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Bíríkìlà ni mí; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Orúnkún ìyàwó mi wú fún oṣù mẹ́fà, a rò pé ó kàn rọ́ ni. Nílé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán eegun, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò: kókó ló ń jẹ eegun, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà ní àwọn á họ ọ́ kúrò, àwọn á fi símẹ́ńtì dí ihò rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ iye owó símẹ́ńtì náà, mo ní, "Dókítà, ó ku ààbọ̀ àpò nílé, ṣé kí n gbé e wá?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní símẹ́ńtì eegun yàtọ̀.

Ó ti pé ọdún kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ìyàwó mi ti ń gun àtẹ̀gùn. Àmọ́ kókó náà lè padà wá, ó yẹ ká máa yàwòrán lóṣù mẹ́rin mẹ́rin. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ṣọ́ owó yín, ara mi ti yá." Èmi tí mo máa ń padà lọ wo ògiri tí mo tún ṣe bóyá ó tún là! Mo ti ya owó náà sọ́tọ̀.

Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ yín báyìí; orí ìdúró ló wà, ó ń lọ aṣọ.