Tíṣà Ò Tíì Sọ̀rọ̀ Tán

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Ọmọbìnrin tí àwọn ọmọ wa rán wá láti Èkó pé kó máa bá mi tọ́jú Tíṣà ti lọ. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ pé ó sá o, èmi ni mo lé e. Ó ń wẹ ọkọ mi bí ẹni ń fọ ìkòkò, fóònù sì wà létí rẹ̀ títí tó fi wẹ̀ ẹ́ tán. Mo rí i lójú Tíṣà pé inú rẹ̀ ò dùn. Láti ọdún méjì tí ẹ̀gbà ti mú un lápá ọ̀tún, tí ahọ́n rẹ̀ sì wúwo, ojú rẹ̀ ni mo ń kà. Kó tó la ẹnu, mo ti mọ̀ — omi ni, ìtọ̀ ni, ọrùn ló ń ro ó. Ẹni tí mo ti fẹ́ láti ìgbà tó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ kọ́ni ní Òjòwò, kí ló kù tí mi ò mọ̀ lára rẹ̀?

Adétutù pè láti Abẹ́òkúta. "Màmá, kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?" Mo ní èmi nìkan ni "a" yẹn. Ó pòṣé. Ọmọ tí mo bí nínú ara mi!

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Dókítà ojú ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún mi kíákíá, àwọ̀ ti bò ó. Lẹ́yìn ẹ̀, oṣù kan gbáko, mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo. Mo ní dókítà, ọkọ mi ńkọ́? Ó ní ṣé ọkọ mi wúwo ni?

Mo kàn ń wò ó ni. Tíṣà tó ga bí òpó iná! Ta ni yóò gbé e dìde? Ta ni yóò gbé e jókòó?

Ọjọ́ Àìkú, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àǹtí Àìná, ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin, ti Jápárà wá lẹ́yìn ìsìn. Adétutù ti sọ fún un pé òun ń wá ilé ìtọ́jú àgbà tí bàbá òun máa wà fún oṣù kan. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pe Àìná ní "ó". Níwájú rẹ̀, "ẹ̀yin ọkọ mi" ni.) Ariwo! Ó ní nínú ìdílé àwọn, wọn kì í kó àgbà fún àjèjì. Ó ní kí ni gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó á gbọ́. Ó ní ṣebí bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo ní ẹ ṣeun Àǹtí, ọmú ọ̀hún wà lọ́dọ̀ Ọláfẹ́mi ọmọ wa ní Kánádà. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí àbúrò yín wá bá yín gbé fún oṣù kan yẹn, yàrá yín ṣáà pọ̀.

Àwáwí bẹ̀rẹ̀. Ó ní orúnkún. Ó ní àtẹ̀gùn. Ó ní ayálégbé fẹ́ kó wọlé. Ẹnu dùn-ún-rofọ́! Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi abọ́ méjì, ó gbàdúrà gígùn, ó dìde.

Tíṣà jókòó síbẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Àìná jáde, ó la ẹnu — "E... e..." Mo tètè bá a sọ ọ́, pé ó ní kí Àǹtí máa lọ, òjò ti ṣú. Ó fi ọwọ́ òsì gbá apá àga. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Adétutù fi mọ́tò gbé mi kiri. Ilé àkọ́kọ́, lẹ́yìn Ìlápòrú — àwọn àgbà tò lọ bẹẹrẹ níwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò tàn, gbogbo wọn sì ń wò ó. Mi ò tilẹ̀ jókòó.

Ìkejì wà ní Àgọ́-Ìwòye, lẹ́bàá ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, Mètírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ mọ́. Kò rùn. Mo wá ohun tí mo lè fi bú wọn, mi ò rí. Mo ní ọbẹ̀ wọn ò níyọ̀. Adétutù ní Màmá, ẹ ò tíì tọ́ ọ wò.

Mètírọ́ọ̀nù bi mí pé kí ni Bàbá fúnra wọn sọ sí i. Mo ní kò fẹ́. Ó ní ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Irú ìbéèrè wo nìyẹn!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Adìẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

A ti gbé e lọ sí Àgọ́-Ìwòye. Mo to aṣọ rẹ̀ sínú báàgì búlúù, ìwé orin rẹ̀ náà, jígí rẹ̀. Nígbà tí a kó o jáde tán níbẹ̀, mo mú báàgì mi padà. Ẹni tó ń bọ̀ nílé kì í fi báàgì sílẹ̀ níbi tó yà sí. Mo sunkún nínú mọ́tò títí a fi kọjá ìlú Òrù. Oṣù kan. Mo ti sọ fún wọn.

Ọjọ́rú, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú mi. Báńdéèjì bo ojú kan. Mò ń kọ̀wé gàdàgbà-gadagba bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá láti ṣọ́ọ̀ṣì wá kí mi. Ìyá Ògúnbáyọ̀ dì mọ́ mi, ó ń sọ pé Ọlọ́run á tù mí nínú. Mo ní kò kú o! Àgọ́-Ìwòye ló wà! Wọ́n wo ara wọn lójú. Ìtìjú yìí ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ, wọ́n ní mò ń ṣe àṣejù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo se ìkọ́kọrẹ́ lọ bá Tíṣà, mo sì bá a tó ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà. Tíṣà tí kì í jẹ ẹ̀wà! Mo ti sọ fún wọn ní kedere pé kì í jẹ ẹ̀wà.

Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni Bàbá Hezekiah, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ tọ̀sán-tòru. Ó ń bi Tíṣà bóyá lóòótọ́ ni àwọn ọmọ ilé ìwé Áńgílíkà tí Tíṣà ń kọ́ fi góòlù na tàwọn nínú bọ́ọ̀lù nígbà yẹn. Tíṣà mi orí. Ta ló rí i? Hezekiah ò ríran. Ó kàn ń pa ẹ̀pà jẹ, ó ń dúró. Ara ta mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n nà wọ́n.

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo bi."

Èmi! Mo gbé abọ́ mi, mo jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ṣì ń bínú sí Hezekiah. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ojú tí màá kà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọkitóbà

Dókítà ní ojú ti dáa. Mo ti ń rí gbogbo nǹkan, títí dórí jànkárìwọ̀ òkè àjà. Lọ́la, Tíṣà ń bọ̀ nílé. Mo ti nu àga rẹ̀.

Ọjọ́rú, 15 Ọkitóbà

Èmi àti Adétutù lọ gbé Tíṣà ní Àgọ́-Ìwòye.

Mo gbé báàgì búlúù wọlé, mo sọ fún Mètírọ́ọ̀nù pé Tíṣà ti ṣetán, ilé ti ń wù ú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Tíṣà fi ọwọ́ òsì gbá apá àga. Gbàá! Mo yíjú sí i. Mo fi ojú tuntun yìí wo ojú rẹ̀ dáadáa — mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ojú lásán ni. Ojú arúgbó.

"E..."

Mo ti fẹ́ bá a sọ ọ́. Hezekiah ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń bọ̀."

Mo dákẹ́. Ó pẹ́ o! Adétutù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Hezekiah ń pa ẹ̀pà. Òógùn bo iwájú orí Tíṣà.

"Mi... ò... lọ." Ó tún sinmi. "Níbí... mo... ń... sọ̀rọ̀."

Ọdún méjì! Ìbàdí mi, ojú mi, oorun mi! Ẹni tí mi ò jẹ́ kí eṣinṣin bà lé! Mo bú wọn tán pátá, tòun ti afọ́jú rẹ̀, Adétutù ló fà mí jáde. Báàgì òfìfo ni mo gbé padà wálé.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ọkitóbà

Kó máa sọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ọkitóbà

Àìná gbọ́. Ó dé pẹ̀lú ariwo pé òun ń kó àwọn ọmọkùnrin lọ gbé àbúrò òun kúrò níbẹ̀ lónìí. Mo ní sí ilé yín? Ó jókòó. Mo ní Tíṣà ní òun ò lọ. Ó ní, "Ìyàwó, ta ló ní bẹ́ẹ̀? Ìwọ ni àbí òun?"

Mo ní òun ni. Ẹnu ara rẹ̀ ni.

Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ọkitóbà

Ìrẹsì wà lórí iná nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà Mètírọ́ọ̀nù. Mo ní ẹ ǹlẹ́ o. Kò sí èsì, èémí nìkan. Mo mọ èémí yẹn. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu — ṣé inú ń run yín ni, ṣé wọ́n lù yín ni, ṣé ilé ti wá ń wù yín — mo fi eyín há a. Mo jókòó sórí àga rẹ̀. Ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, mo jẹ́ kó jóná.

"Gbémi."

Ọdún méjì rèé, mi ò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀.

"Wá... lọ́la. Má... gbé... báàgì."

Kò tíì pa fóònù. Mo fi èjìká há a mọ́ etí, mò ń kọ èyí. Ó ṣì ń mí. Nǹkan ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀.