Àlùbọ́sà Kì Í Ṣe Àlejò

Olóòtú wa lórí rédíò, mo kí yín o, mo kí gbogbo ilé. Ẹ má dárúkọ mi. Ìyá àgbà kan ní Ọjà Tuntun, Ìlọrin, ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ni mo ti kọ́ ìwé tí mò ń kọ sí yín yìí.

Ọmọọmọ mi obìnrin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Tanke ń fi ètò kọ̀ǹpútà ṣe géèmù tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá. Ohùn mi ni wọ́n gbà sínú rẹ̀: mo pe orúkọ nǹkan, ọmọ á fọwọ́ kan àwòrán rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yìí wá ní ká yọ àlùbọ́sà kúrò, pé èdè Lárúbáwá ni.

Mo ní, "Kí ni kí ọmọ wá máa pè é?"

Ó ní, "Màmá, a ó ṣẹ̀dá orúkọ tuntun."

"Kí ìyá rẹ kọ́kọ́ fi orúkọ ọ̀hún rà á lọ́jà ná."

Ó bínú. Ọmọọmọ mi ń bẹ̀ mí kí n gbà, kí wọ́n má baà fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò tèmi. N kò gbà. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọ̀rọ̀ tó ti bímọ sílé wa kì í ṣe àlejò mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí n gbà, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ń pe àlùbọ́sà nílé tirẹ̀.