Bàtà Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà

Àjà Kẹsàn-án, Ojúlé Kẹrin,
Osdorfer Born,
22549 Hamburg.

Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Sí Alága Ìgbìmọ̀,
Ẹgbẹ́ Arìnkè Birkengrund,
Neukölln,
12045 Berlin.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YÍ ÀBỌ̀ ÌWÁDÌÍ YÍN PADÀ, KÍ WỌ́N LÈ WÁ AKÍNFẸ́MI LÁOYÈ NÍNÚ IGBÓ KÍ YÌNYÍN TÓ DÍ Ọ̀NÀ

1. Orúkọ mi ni Olúfúnkẹ́ Láoyè. Èmi ni ẹ̀gbọ́n Akínfẹ́mi Láoyè, ọmọ ẹgbẹ́ yín tó bá àwọn ènìyàn yín rìn láti ilé ìsinmi kan dé òmíràn lórí òkè ní ìparí oṣù tó kọjá, tí kò sì bá wọn padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ọ́fíìsì yín ní Berlin. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ẹ ti rìnrìn àjò. Lẹ́ẹ̀kejì, ìlẹ̀kùn yàrá yín ṣí sílẹ̀, kóòtù yín sì wà lára ìkọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ kò sí nílé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Kóòtù lè wà níbì kan kí ẹni tó ni ín má sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Mo kọ ọ́ ní èdè wa kí n má bàa ṣì í sọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Jámánì wà pẹ̀lú rẹ̀.

2. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nínú àbọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wá ènìyàn lórí òkè, ẹ kọ ọ́ pé àbúrò mi fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán jáde sínú òtútù “gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní i lọ́kàn láti padà.” Nítorí gbólóhùn yẹn, etí adágún omi nìkan ni wọ́n wá. Nígbà tí wọn kò rí i níbẹ̀, wọ́n ní omi náà jìn, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Ẹnikẹ́ni kò wọ inú igbó. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fa gbólóhùn náà yọ, kí wọ́n lè wọ inú igbó. Àwọn ìdí mi nìyí.

3. Ìgbàjọ ni wọ́n ti bí wa, ìlú tó jókòó sórí òkè. Èmi ni mo kọ́kọ́ wá sí Hamburg. Nígbà tí Akínfẹ́mi wá kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ, ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ìlú tí mo sá wá tẹ́jú bí àwo, pé ọbẹ̀ nìkan ló kù kí wọ́n bù sí i. Lẹ́yìn náà ó rí iṣẹ́ ní Berlin, ó sì rí i pé àwo ni ibẹ̀ náà. Anna, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ fún un nípa ẹgbẹ́ yín tó ń gun òkè. Ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, ó pè mí bí ọmọdé tí wọ́n ní kó máa bọ̀ wálé.

4. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wá, ní Rothenburgsort ní Hamburg yìí. Ẹni tó bá wọ aṣọ àdúrà wa kì í wọ bàtà. Lọ́jọ́ ìsinmi, bàtà máa ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa débi tí àwọn aládùúgbò á fi ṣàròyé. Láàárín wa, ẹni tí bàtà rẹ̀ bá wà lẹ́nu ọ̀nà ti wà níwájú Ọlọ́run. Láti ìgbà tí baba wa ti kú ni Akínfẹ́mi ti ń jáde gbàdúrà ní ìdájí, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ òtútù, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ àti agogo ọwọ́ kékeré tí baba wa fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò lù ú kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nígbà tó bá parí. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n.

5. Kò ṣàjèjì sí amọ̀nà yín náà, ọ̀gbẹ́ni Maximilian. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, àbúrò mi pè mí láti ilé ìsinmi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú ìjọ wa ni mo wà. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ bàtà kí a tó wọlé.” Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó jáde lọ gbàdúrà, ó sì padà wọlé tí ìrì ṣì ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Anna wà níbẹ̀. Ó ní Maximilian ju aṣọ ìnura sí i, ó pè é ní Pásítọ̀, ó sì bi í bóyá Ọlọ́run kì í gbọ́ àdúrà ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Àbúrò mi dá a lóhùn pé, “Ó ń gbọ́. Ẹsẹ̀ tèmi ni kì í gbọ́ Tirẹ̀ bí mo bá wọ̀ ọ́.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, níbi tí àbọ̀ yín ti sọ pé kò sí ẹni tó lè mọ ìdí tó fi jáde láìwọ bàtà, kì í ṣe òótọ́.

6. Lọ́jọ́ kejì yẹn kan náà, bí wọ́n ti ń gòkè lọ, wọ́n pàdé àwọn màlúù tí àwọn darandaran ń dà sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà òtútù, òdòdó lórí wọn, agogo ńlá lọ́rùn wọn. Akínfẹ́mi ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi. Maximilian wà nínú fọ́tò náà, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí wọ́n lè kọjá. Ohun tí àbúrò mi kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, “Ẹ wò wọ́n. Àwọn wọ̀nyí gbọ́n jù wá lọ. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, àwa ń gòkè.” Mo fi ránṣẹ́ padà pé kí ó má fi ẹran ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ má gbàgbé àwọn màlúù wọ̀nyí.

7. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dé ilé ìsinmi tó wà lókè adágún omi. Àpáta ló wà ní apá kan rẹ̀. Ní apá kejì, igbó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi. Ìgbà yẹn ni ó pè mí kẹ́yìn. Ó ní atẹ́gùn ń fẹ́, ṣùgbọ́n ojú omi náà kò mì rárá. Ó ní igbó náà dí débi pé òun kò gbọ́ ohùn ẹyẹ kan. Mo ní bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó gbàdúrà nínú yàrá. Ó ní yàrá kún fún àwọn tó ń sùn, pé agogo yóò jí wọn. Mo bi í bóyá òtútù ń mú un. Ó ní, “Àǹtí mi, bàtà yín ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi kò mọ̀ pé òde tutù.” Èmi ni mo ra bàtà náà fún un. Lẹ́yìn èyí ni fóònù gé.

8. Ní ìdájí, kùrukùru bolẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ibùsùn Anna wà. Ó gbọ́ agogo lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìsàlẹ̀, ní ìhà igbó, ó sì padà sùn. Nígbà tí wọ́n jókòó oúnjẹ àárọ̀, àyè Akínfẹ́mi ṣófo. Olùtọ́jú ilé náà lọ wo pẹpẹ bàtà, torí pé bàtà ni wọ́n fi ń mọ̀ níbẹ̀ bí ènìyàn bá ti wọlé tán. Bàtà pé. Ó padà wá, ó ní, “Bàtà rẹ̀ wà níbí. Kò lọ síbì kankan.” Maximilian tó ti ju aṣọ ìnura sí i ní àárọ̀ àná gbọ́ èyí, ó sì nawọ́ sí búrẹ́dì. Wọ́n jẹun.

9. Bí wọ́n ti ń jẹun ni agogo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó dákẹ́. Ó ń dún, ó ń dúró, ó tún ń dún. Anna béèrè ohun tó jẹ́. Olùtọ́jú ilé dá a lóhùn pé, “Màlúù ni,” ó sì gbé tíì sílẹ̀ fún wọn. Anna fúnra rẹ̀ ló wá sí Hamburg láti sọ èyí fún mi. Omi tí mo gbé fún un, kò lè mu ún. Ó ní agogo náà dún títí, ó wá ń falẹ̀ bí ìgbà tí ọwọ́ bá ń ro ènìyàn, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, màlúù wo ni?

10. Àwọn màlúù ti sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Gbogbo wọn tó wà nídìí tábìlì yẹn ló ti yà lọ́nà fún wọn. Ìgbà tí wọ́n di ẹrù tán, tí wọ́n wọ bàtà, tí bàtà kan wá ṣẹ́ kù lórí pẹpẹ, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ rẹ̀. Nígbà náà kò sí agogo mọ́. Anna ní òun sọ fún Maximilian kó kọ ọ̀rọ̀ agogo sílẹ̀, ó sì ní yóò kàn kó bá olùtọ́jú ilé lásán ni. Mo ti ka àbọ̀ yín láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí agogo nínú rẹ̀.

11. Ẹ ní kò ní i lọ́kàn láti padà. Anna rí aṣọ ìnura tí Akínfẹ́mi ká sórí bàtà rẹ̀, kí ó lè fi nu ẹsẹ̀ nígbà tó bá dé. Ó wà nínú ẹrù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bó ṣe ká a náà ló wà. Ẹni tí kò fẹ́ padà kì í tọ́jú ohun tí yóò fi nu ẹsẹ̀. Kì í sì í lu agogo.

12. Ọ̀rọ̀ yín ti dé ìjọ wa ṣáájú òkú rẹ̀. Àwọn kan ti ń rọra béèrè bóyá ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Màmá wa ní Ìgbàjọ kò tíì mọ̀. Wọ́n ń bi mí ìdí tí Akínfẹ́mi kò fi pe àwọn, mo sì ń sọ pé fóònù kì í lọ lórí òkè. Bí ẹ bá gbà kí wọ́n wá a, tí wọ́n sì rí i, mà á mọ ohun tí mà á sọ fún màmá wa.

13. Wọ́n sọ fún mi láti ọ̀hún pé wọ́n ti ti ilé ìsinmi náà pa, pé yìnyín ti wà lórí ṣóńṣó òkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá dé igbó, ẹnikẹ́ni kò ní í wọ ibẹ̀ mọ́ títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń wá ènìyàn pé ẹ fa gbólóhùn yẹn yọ. Kí ẹ sọ fún wọn pé agogo dún láti inú igbó, ní ìsàlẹ̀ fèrèsé yàrá tí Anna sùn sí. Anna ti ṣe tán láti bá wọn lọ tọ́ka ibẹ̀, èmi náà yóò sì lọ. Mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe fi bàtà ka ènìyàn mọ́.

14. Mo gbé bàtà náà sẹ́nu ọ̀nà mi nígbà tí ẹrù dé, torí pé n kò mọ ibòmíràn tí mà á gbé e sí. Shalom, ọmọ mi, dé láti ilé ìwé. Ó rí i, ó ju báàgì sílẹ̀, ó ń pe “Onkel Fẹ́mi” láti yàrá dé yàrá, títí dé ilé ìdáná. N kò lè bá a wí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, àwọn àgbà sì ti ṣe irú àṣìṣe kan náà ṣáájú rẹ̀.

15. Mo ti tú ẹrù náà wò dáadáa. Bàtà wà níbẹ̀, aṣọ ìnura, Bíbélì, fóònù rẹ̀. Agogo baba wa kò sí níbẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ síbi tí ó ti ń lù ú.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín, tí ń wo ojú ọ̀run bí mo ti ń retí èsì yín,

Olúfúnkẹ́ Láoyè (Arábìnrin),
Ẹ̀gbọ́n Akínfẹ́mi.