Ìrẹsì Ọdún Tí Bándélé Fi Ṣe Àwàdà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Nòfẹ́ńbà 1996

Tíṣà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé mi ló ń kọ èyí. Bọ́láwùmí lorúkọ rẹ̀. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bí mi nínú. Bí mo bá sọ ọ́ fún ènìyàn, wọn á ní kí n ṣe sùúrù. Ìwé kì í bẹ ènìyàn.

Bándélé, àkọ́bí mi, ń ya fíìmù nínú ilé mi l'Ágbowó. Fíìmù ẹ̀rín ni, ó ní, ti Kérésì ìgbà tí àwọn wà ní kékeré. Dáírẹ́tọ̀ ni àwọn òṣèré ń pè é. Ó dáa, èmi náà á máa pè é bẹ́ẹ̀. Dáírẹ́tọ̀ kó àga mi síta, ó kó àga àtijọ́ wọlé. Ó lẹ òwú mọ́ igi kan, ó ní yìnyín ni. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni yìnyín bọ́ sórí igi l'Ókè-Àdó tí a bí i sí. Ó ní àwọn òǹwòran á fẹ́ràn rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ṣe ọkọ mi nínú fíìmù náà wọ kóòtù ọkọ mi. Èmi ni mo yọ̀ǹda rẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi bọlá fún olóògbé ni. Kóòtù náà fún un lábíyá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Nòfẹ́ńbà

Adìyẹ mẹ́ta ni wọ́n lé wọ yàrá mi. Ìkòkò méjì fọ́. Oníkóòtù ṣubú lé adìyẹ lórí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó tún ṣubú.

Ọkọ mi ò lé adìyẹ rí. Kò tilẹ̀ sáré rí.

Ọjọ́bọ̀, 28 Nòfẹ́ńbà

Mùtíátù wá wò wọ́n. Ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi. Mùsùlùmí ni, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti tó ogójì ọdún tí a ti jọ wà, láti ìgbà tí a jọ ń háyà ilé l'Ókè-Àdó, títí àwọn ọkọ wa fi ra ilẹ̀ síbí pọ̀. Ó din àkàrà wá fún àwọn òṣèré.

Dáírẹ́tọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó yá àwọn ní ìborùn àtijọ́ kan. Obìnrin sísanra kan fẹ́ ṣe ìyá aládùúgbò. Mùtíátù lọ mú ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo obìnrin náà lórí. Ó ní, "Bándélé, má jẹ́ kó burẹ́wà jù mí lọ o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dáírẹ́tọ̀ ò wo ojú rẹ̀. Mo rí i — mo rò pé iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Dìsẹ́ńbà

Wọ́n ti kó ẹrù wọn lọ. Ilé mi ń rùn bí ilé adìyẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Dìsẹ́ńbà

Dáírẹ́tọ̀ gbé kásẹ́ẹ̀tì wá. Ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀, gbogbo wọn pé sí pálọ̀ mi. Iná kò lọ. Ì bá dára kó lọ.

Oníkóòtù ń lé adìyẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fara dà á. Lẹ́yìn náà ni obìnrin sísanra yẹn jáde nínú ìborùn Mùtíátù. Ìyá Abọ́-ńlá ni wọ́n pè é. Àárọ̀ Kérésì ni. Ó yọ́ gba ẹ̀yìn wọ ilé wọn, ó bu ìrẹsì wọn sẹ́nu, ó bù ú sínú abọ́, nígbà tí abọ́ kún ó gbé ìkòkò fúnra rẹ̀ rù, ó sá lọ, ìdí rẹ̀ ń mì. Bàbá ilé bá ń gbàdúrà sórí egungun adìyẹ. Pálọ̀ mi dàrú fún ẹ̀rín. Àwọn kan ń yí nílẹ̀.

Mo bi Dáírẹ́tọ̀ pé níbo ló ti rí irú èyí. Ó ní ojú òun méjèèjì ló ṣe. Ó ní òun jẹ́ ọmọ ọdún méje, òun jí ní ìdájí Kérésì kan, òun rí Màmá Mùkáílà tó gbé ìkòkò ńlá gba ẹ̀yìn jáde nílé wa. Màmá Mùkáílà, Mùtíátù nìyẹn. Ó ní òun ò sọ ọ́ nítorí kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lòun ti ń dá rẹ́rìn-ín rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Dìsẹ́ńbà

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ èyí, Tíṣà, kó o sì pa ẹnu rẹ mọ́.

Ọdún 1964. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan ní Dùgbẹ̀. Wọ́n lé e ní oṣù kọkànlá. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀, kò fẹ́ kí àdúgbò mọ̀. Àràárọ̀ ló ń wọ kóòtù, ó ń so táì, ó ń jáde. Ibùdó rélùwéè ló ń lọ jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́.

Kérésì dé, kò sí ẹyọ ìrẹsì kan nílé. Ní àdúgbò wa nígbà náà, bó bá di Kérésì, àwa onígbàgbọ́ á bu ìrẹsì sínú abọ́, a ó dé e, àwọn ọmọ á gbé e kiri ojúlé àwọn Mùsùlùmí. Bó bá di Iléyá, ẹran tiwọn á wá. Ojúlé tí abọ́ kò bá ti jáde, kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Mi ò sọ fún Mùtíátù. Òun ló rí i pé ààrò mi ò rú èéfín. Ó se ìkòkò ìrẹsì ńlá nílé rẹ̀ ní ìdájí, ó gbé e gba ẹ̀yìn wọlé kí ẹnikẹ́ni má rí i, ó bù ú sínú àwọn abọ́ tèmi. Abọ́ mẹ́jọ ló jáde nílé mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan lọ sí ilé òun fúnra rẹ̀. Bándélé ló gbé e lọ. Ó gbà á lójú gbogbo ènìyàn, ó súre fún ọmọ náà.

Ìkòkò tí Bándélé rí lórí rẹ̀, ìkòkò tirẹ̀ ni. Ó ti ṣófo.

Ọkọ mi ní kí àwa méjèèjì búra pé àwọn ọmọ ò ní mọ̀ láéláé. A búra.

Tíṣà dáwọ́ dúró. Mo ní kó máa kọ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 16 Dìsẹ́ńbà

Mo ránṣẹ́ pe Dáírẹ́tọ̀. Mo ní kó gé Ìyá Abọ́-ńlá kúrò. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní Dùgbẹ̀. Ó ní kí ló dé. Mo lanu. Mo rántí ìbúra. Mo pa ẹnu dé.

Ó ní, "Màmá, àwàdà lásán ni. Ẹ̀yin náà ẹ máa rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀."

Mo ní kó jáde nílé mi. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Dìsẹ́ńbà

Mùtíátù ò kí mi láti ọjọ́ mẹ́ta.

Mùkáílà ọmọ rẹ̀ wá. Òun àti Bándélé ni wọ́n jọ dàgbà. Mo ní kó jókòó, ó ní òun á dúró. Ó ní àwọn aláta ní ọjà Bódìjà dá ìborùn ìyá òun mọ̀ nínú fíìmù, wọ́n ń bi í pé abọ́ rẹ̀ dà. Ó ní àwọn ọmọdé ń pè é ní Ìyá Abọ́-ńlá láti ojú pópó dé ẹnu ilé. Ó ní, "Mà, kí ni màmá mi jí lọ́wọ́ yín rí?"

Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ní ó wo fíìmù náà dé òpin, ó ní ìborùn òun yẹ obìnrin yẹn, ó sì wọlé lọ.

Kò sọ ọ́. Fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ pàápàá. Ó ń jẹ èébú lọ́jà kí orúkọ ọkọ mi má bàa bàjẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Dìsẹ́ńbà

Mò ń bínú sí òkú. Mò ń bínú sí alààyè. Mo ṣa ìrẹsì.

Ọjọ́rú, 25 Dìsẹ́ńbà

Dáírẹ́tọ̀ kó ìdílé rẹ̀ wá ṣọdún. Mo bu ìrẹsì, mo dé e, mo ní kí Adéfọlárìn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ fún Mùtíátù. Ọmọ náà gbé e padà bọ̀. Wọn ò ṣí i. Ó ní màmá dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ò ní abọ́ tó tóbi tó láti gbà á sí.

Dáírẹ́tọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wò ó. Mo gbé abọ́ náà, mo ní kó dìde, kó tẹ̀lé mi.

Ẹnu ọ̀nà iwájú la gbà. Pálọ̀ Mùtíátù kún: Mùkáílà, àwọn àna rẹ̀, aládùúgbò méjì. Mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: iṣẹ́ tó bọ́, ibùdó rélùwéè, ìkòkò, abọ́ mẹ́jọ. Mi ò rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo ní, "Bándélé, abọ́ tí o gbé wá fún ìyá yìí lọ́jọ́ náà, ìrẹsì ara rẹ̀ lo gbé fún un. Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mùtíátù ò wò ó. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Ìyá Bándélé, bàbá wọn ní ká má sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́."

Mo ní èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní bó bá wù ú kó bínú sí mi. Mo ní, "Ojú kì í ti òkú. Ìwọ lojú ń tì lọ́jà."

Ó ní kí n jókòó. Ó ṣí abọ́, ó fi ṣíbí bù ú jẹ, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní tòun ọdún yẹn dùn ju èyí lọ. Mo ní òótọ́ ni, ó dùn jù ú lọ. Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwa méjèèjì máa dárúkọ ìrẹsì náà fún ara wa.

Bándélé ṣì wà nílẹ̀. A ò ní kó dìde.