Àmín Tí Ọ̀gá Rósà Ṣe

Ẹ kú ulé o, Yèyé mi. Èmi Délé, àkọ́bí yín tí eyín ti ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ láti Kánádà níbí. Tí orúnkún bá kọ̀ tí n ò lè dìde, Fúnmi ọmọ mi yóò fà mí sókè. Mo kí àbúrò mi Bọ́sẹ̀ ní Ọjà Ọba. Ẹ ní kó dín ariwo kù, mo ń gbọ́ ọ láti ibí.

Yìnyín ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú àràbà. Bí Fúnmi bá ń lọ síbi iṣẹ́, á gbé mi lọ sílé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwa arúgbó. Ojú fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, oorun á sì gbé mi lọ. Màá rí ara mi lọ́nà oko Ìjàn, ìrì ń wẹ ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yin ń lọ níwájú, ẹ ò bojú wẹ̀yìn. Tí mo bá lajú, Rósà ni màá rí, tó ń fi aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Filipínì ni Rósà, òun ló ń tọ́jú wa. Mo máa ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó fẹ́ mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ hu eyín. Àfi bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe gbẹ nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn nílé. Ọ̀gá tó ni ilé ìtọ́jú náà ti gba páspọ́ọ̀tù rẹ̀ pamọ́, kò sì fẹ́ dá a padà, kó má baà lọ.

Ìyá kan wà tó ń jẹ́ Ligáyà, ọmọ Filipínì bákan náà. Yunifásítì ló ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa ṣe alágbàwí fún ará ìlú. Tíṣà ni, ṣùgbọ́n kì í jókòó: ibi tí wọ́n bá ti rẹ́ ọmọ Filipínì jẹ, ó ti débẹ̀. Mo bi í pé ṣé àwọn ará tirẹ̀ nìkan ló ń jà fún. Ó ní rárá o, pé ìyà tó lé Rósà kúrò nílé àti èyí tó lé àwọn ọmọ Èkìtì kúrò lóko, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Mo ní ó gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó ní òun náà ti ní ọmọ-ọmọ.

Ó pe ọ̀gá náà sí ìpàdé níwájú gbogbo wa. Bí Rósà ṣe wọlé, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi kan iwájú orí rẹ̀. Yèyé, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílùú wọn nìyẹn, èmi ò mọ̀! Mo rò pé àdúrà ló ń tọrọ, ni mo bá gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ń wúre bí ẹ ṣe wúre fún mi kí n tó kúrò nílé. Gbogbo ilé dìde. Ọ̀gá ṣí fìlà, ó dijú; wọ́n rò pé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni. Nígbà tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá, mo fi tèmi kún un: ẹni tó gba ìwé ọmọ yìí pamọ́, kí ara má rọ̀ ọ́ títí yóò fi dá a padà. Àmín ti ọ̀gá ló le jù.

Lẹ́yìn náà ni Ligáyà gbé òfin kalẹ̀ fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Kí a tó tú ká, páspọ́ọ̀tù ti dé ọwọ́ Rósà. Wọ́n ní òfin ló ṣe é. N ò jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ṣe àmín.

Rósà ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ báyìí. Láti ìgbà tó ti lọ, ọ̀nà oko Ìjàn kò kúrò lójú mi, bí mo sùn bí n ò sùn. Fúnmi ti gbà pé bí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, òun yóò mú mi wálé. Owó tó fi ránṣẹ́, ẹ fi jẹ ẹran, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún wòlíì.

Ọlọ́run yóò dá yín sí dè mí. Ilé ò ní dàrú, oko ò ní di igbó. Ẹ kí gbogbo ará ilé, ẹ kí Àlùfáà aránṣọ tó ní n ò ní lè fara da òtútù. Bí mo bá dé, orúnkún yìí lè má jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹ ṣáà na ọwọ́ yín, màá fi kan iwájú orí mi. Títí dìgbà náà, ẹ rọra máa rìn níwájú o, Yèyé. Ẹ bojú wẹ̀yìn, mo ń bọ̀.

Ọmọ yín,
Délé